Ìwọ̀n kájú tó ń jẹ kíló: báwo ni onígbàgbọ́ ṣe máa jáwọ́ níbẹ̀, èló ló sì máa dá padà fún àgbẹ̀?

Ọmọ Alárobọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ ẹni tó mọ Bíbélì tó sì mọ ọjà, torí ẹni tó mọ ẹyọ kan nínú méjèèjì lè ṣini lọ́nà.

Alárobọ̀ kájú ni ẹni tọ́rọ̀ kàn. Láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, á máa ra kóró kájú káàkiri àwọn oko tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká, lápá Ìkòyí-Ilé, Ìresà-Àdú àti Àjàáwà, á kó o jọ, á wá tà á fún àwọn onítírélà tó ń gbé e lọ Èkó. Sikéèlì tó fi ń rajà kò pé. Bí àgbẹ̀ bá gbé kíló 10 kọ́ ọ, 9 ló máa kà. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá bi àwọn tó ń ṣe é, wọ́n á ní owó ọkọ̀ àti owó alábàárù ló ń bá àwọn dí.

Ó ti wá di onígbàgbọ́, ó ka Òwe 11:1, ó ka Léfítíkù 19:35-36, kò sì rí àwáwí kankan tó lè dúró níwájú wọn. Ó fẹ́ jáwọ́, ó sì fẹ́ dá èyí tó ti jẹ padà. Ibi tó ti wá di wàhálà rèé. Báwo ló ṣe máa mọ iye tí sikéèlì yẹn ń jẹ gan-an? Èló ni kó san: ìdá kan nínú márùn-ún tí Léfítíkù ní kí wọ́n fi lé e ni, àbí ìlọ́po mẹ́rin ti Sákéù? Àwọn àgbẹ̀ tí kò lè rántí ojú wọn mọ́ ńkọ́? Bó bá sì gbé sikéèlì tó pé jáde lásìkò tó ń bọ̀, tí àwọn yòókù ò sì yí tiwọn padà, ta ló máa ta àpò kan fún un? Owó ìyàwó rẹ̀ wà nínú òwò yẹn, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà wà níbẹ̀.

Alàgbà kan ti ní kó kàn ju owó díẹ̀ sínú àpótí ọrẹ, kó gbàdúrà, kó gbàgbé ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò gba ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.

Baba Oníwọ̀n

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ dá lóhùn, torí bí ẹ ò bá mọ iye tí ìwọ̀n ń jẹ, gbogbo ìṣirò tó bá tẹ̀ lé e á wọ́.

Ọ̀nà méjì ni sikéèlì alákọ́ onísípíríǹgì ń gbà jalè, wọn ò sì jọra. Èkíní wà lójú òdo. Ìdè kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń dá abẹ́rẹ́ padà sí òdo. Ẹni tó bá yí i sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ á dúró sábẹ́ òdo kó tó di pé wọ́n gbé nǹkan kọ́ ọ. Iye kan náà ni irú èyí ń mú nígbàkigbà tí wọ́n bá wọn ọjà: bó bá jẹ́ kíló 2, á mú kíló 2 lára àpò ńlá, á mú kíló 2 lára àpò kékeré. Èkejì wà nínú sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Wọ́n á yọ èyí tó bá a wá, wọ́n á fi èyí tó le jù ú lọ sí i, tàbí kí wọ́n gé e kúrú. Èyí kì í mú iye kan náà, ìpín ló ń mú: bí ọjà bá ṣe wúwo sí, bẹ́ẹ̀ ni olè náà á ṣe tóbi sí. Sikéèlì onínọ́ńbà tó ń lo bátìrì náà, ìpín ló sábà máa ń mú, torí ẹni tó tò ó ti pa á láṣẹ pé kó máa pe ohun tó ju kíló 10 lọ ní 10.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi dán an wò kò wọ́n. Omi ni. Líta omi kan, kíló kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi píọ̀ wọ́tà dán an wò, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí wọ́n kọ 50cl sí lára ni kì í pé 50cl. Ẹ má sì gbára lé nọ́ńbà tó wà lára kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì 25 tẹ́ ẹ bá rọ omi kún dé ẹnu máa ń gbà ju líta 25 lọ. Ẹ wá ike ìwọ̀n onílíta kan tó ní ìlà lára, kẹ́ ẹ kà á bẹ́ ẹ ṣe ń rọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí sikéèlì, kẹ́ ẹ kọ ibi tó dúró sí sílẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tó ṣófo kọ́ ọ, kẹ́ ẹ kọ ohun tó kà. Ẹ rọ líta 10 sínú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́. Ẹ máa rọ ọ́ títí á fi di líta 50 nínú méjèèjì, ẹ tún kọ ọ́. Bí líta 50 yẹn bá fi 45 péré kún ohun tí kẹ́ẹ̀gì òfìfo kà, sípíríǹgì ló ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bó bá fi 50 gééré kún un, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ òdo ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú òdo ni olè wà. Ó lè jẹ́ méjèèjì o. Ìdí nìyẹn tí dídán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò fi tó.

Mo rí i pé ẹ kọ “kíló 10, á ka 9.” Ẹ dán an wò pẹ̀lú 50 kẹ́ ẹ tó gba ìyẹn gbọ́. Bí 50 bá ka 49, ojú òdo ni, gbèsè yín sì kéré púpọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bó bá ka 45, sípíríǹgì ni.

Ohun kan tún kù tí kò sí nínú sikéèlì rárá. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fi orúnkún gbé ìdí àpò nígbà tí wọ́n bá gbé e kọ́. Kíló 2 tí wọ́n ń yọ fún àpò nígbà tí àpò kòkó fúnra rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi kíló kan lọ, tí báákò oníke kò sì tó ìyẹn rárá. 46 àti ìdajì tí wọ́n máa ń pè ní 46. Ẹni tó tún sikéèlì ṣe tó wá fi orúnkún ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán, Òfin Ìwọ̀n ti ìjọba àpapọ̀ wà, ẹ̀ka Weights and Measures lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ló ń yẹ ìwọ̀n ọjà wò, tó sì ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹ ní kí wọ́n lù ú. Òǹtẹ̀ yẹn á wúlò fún yín níwájú àgbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Baba Oníwọ̀n, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ti fi ìdí Diutarónómì 25:13 hàn wá láìpe orúkọ rẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi ń wọn nǹkan nígbà yẹn, ohun tí ẹsẹ yẹn sì kọ̀ ni pé kí ènìyàn ní òkúta méjì nínú àpò kan, ńlá àti kékeré. Ńlá ni wọ́n fi ń rà, kékeré ni wọ́n fi ń tà. Sikéèlì alárobọ̀ yìí, òkúta ńlá ni.

Lórí iye tó yẹ kó san, ẹ má jẹ́ ká po àwọn òfin pọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì yàtọ̀.

Ẹ́kísódù 22:1 wà fún ẹni tó jí ẹran tó sì ti pa á tàbí tó ti tà á: màlúù márùn-ún fún màlúù kan, àgùntàn mẹ́rin fún àgùntàn kan. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́ láàyè, ẹsẹ 4 ní ìlọ́po méjì. Ẹni tí wọ́n mú ni òfin yìí ń bá wí. Léfítíkù 6:1-7 àti Númérì 5:5-8 ló wà fún ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ jẹ, tí ọkàn rẹ̀ wá dá a lẹ́bi, tó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ohun tó gbà, gbogbo ẹ̀ pátá, àti ìdá márùn-ún lé e. Ọ̀rọ̀ alárobọ̀ wa bọ́ síbí yìí.

Sákéù ńkọ́? Nínú Lúùkù 19:8, Jésù ò dárúkọ iye kankan fún un. Òun ló gbé òfin olè àgùntàn lé ara rẹ̀ lórí. Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀ dáadáa: ó ní òun fi ìdajì ohun ìní òun fún àwọn tálákà, òun á sì san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ìdajì tó kù ló máa fi san án. Ẹni tó bá rẹ́ni jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ, ìdajì yẹn ò lè ká a. Nítorí náà, ọkùnrin yìí mọ ìwé ìṣirò rẹ̀ kó tó lanu. Kò sọ̀rọ̀ nítorí inú rẹ̀ kàn ń dùn. Ẹni tó bá fẹ́ san ìlọ́po mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró, àmọ́ kó má fi ọ̀rọ̀ Sákéù ṣe òfin fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Ká fi 1,000 náírà fún kíló kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìwé rẹ̀ fi hàn pé ó ra kíló 6,000 lásìkò tó kọjá, tí sípíríǹgì sì ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ máa ṣe ni pé wọ́n á mú ìdá kan nínú mẹ́wàá 6,000, wọ́n á ní 600 ni. Rárá o. 6,000 ni sikéèlì kà, kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ gbé wá. Ohun tí àgbẹ̀ gbé wá ni 6,000 tí a pín sọ́nà 9, tí a sì sọ di ìlọ́po 10: kíló 6,667. Gbèsè náà jẹ́ kíló 667. Owó rẹ̀ jẹ́ 667,000 náírà, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 133,400, àpapọ̀ jẹ́ 800,400. Bó bá jẹ́ ojú òdo ni olè wà, tó ń jẹ kíló 2 lẹ́ẹ̀kan, ẹ má wo ìwúwo rárá, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n wọn ọjà. Ìgbà 130 jẹ́ kíló 260. Pẹ̀lú ìdá márùn-ún, 312,000 náírà.

Ẹ tún kíyè sí i pé kájú ló gbà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe náírà. Bí kíló bá ti gbówó lórí láti ìgbà yẹn, iye tòní ni kó fi ṣírò. Bó bá ti wálẹ̀, iye ìgbà yẹn ni. Ọ̀nà tó bá dára fún àgbẹ̀ ni kó gbà.

Ọ̀rọ̀ àpótí ọrẹ wá kù. Nínú Léfítíkù 6, ọjọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ yẹn bá mú ẹbọ ẹ̀bi wá ló ti gbọ́dọ̀ san nǹkan náà fún *ẹni tó ni ín*. Mátíù 5:23-24 náà sọ ohun tó jọ ọ́: fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níbi pẹpẹ, kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ. Pẹpẹ kò rọ́pò ẹni tó ni nǹkan. Ìgbà tí ẹni náà bá kú, tí kò sì ní ìbátan tó lè gbà á, ni Númérì 5:8 sọ pé kí ó di ti Olúwa. A wà nílùú tí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 wà, alàgbà sì tún ń fi àpótí ọrẹ gba owó olówó. Ó mà ṣe o.

Àwọn tí kò mọ̀ mọ́, kó kọ́kọ́ ṣa ìwé rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ yẹ̀wò kó tó sọ pé òun ò mọ̀ wọ́n. Ó lè mọ abúlé bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti wá wọn tí kò rí wọn ni kó tó fi tiwọn fún àwọn tálákà àdúgbò kan náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹnì kan lè yọjú lẹ́yìn náà.

Àjàrà Tútù

Ẹ máà jẹ́ kí òfin tún di àjàgà sí wa lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ ẹni yìí mọ́. Éfésù 2:8-9 ní oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́. Kí lẹ fi ń wá ohun tó ti kọjá kiri?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Àjàrà Tútù, mo gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ 10 orí kan náà, kẹ́ ẹ wá ka 4:28 ìwé kan náà: kí ẹni tó ń jalè má jalè mọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kíló 667 ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kó o. Kò sẹ́ni tó ń fi ìsanpadà ra ìgbàlà níbí. Owó àgbẹ̀ là ń dá padà fún àgbẹ̀.

Ìyá Alágbàdo, Sábó

Ọmọ mi, o káre. Èmi á bá ọ sọ̀rọ̀ ọjà, torí ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà ọ́, ó sì yẹ kó bà ọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn ò parọ́. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Jókòó, kọ ọ́ sílẹ̀ bí Jésù ṣe ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, nínú Lúùkù 14:28. Ká ní àpò kan wúwo tó kíló 50 tòótọ́, kí onítírélà máa ra kíló kan ní 1,120 náírà. 56,000 lo máa tà á. Ká ní ọkọ̀ àti alábàárù jẹ́ 3,000 lórí àpò kan. Tẹ́lẹ̀, sikéèlì ka 45, o san 45,000, èrè rẹ jẹ́ 8,000. Báyìí, o san 50,000, èrè rẹ di 3,000. Ohun tí ìgbọ́ràn máa ná ọ nìyẹn: 5,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Tẹ́jú mọ́ ọn kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé àárín ọ̀nà lo ti máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Má sì pe 5,000 yẹn ní àdánù rẹ nígbà tí o bá ń jẹ́rìí ní ìjọ o. Ti àgbẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, Bíbélì ò ní kí o máa san 1,000 lórí kíló. Kí kíló pé ló ní. O lè fi ẹnu ara rẹ sọ pé 960 lo ń rà á. 960 lọ́nà 50 jẹ́ 48,000: àgbẹ̀ jẹ 3,000 ju èyí tí onísikéèlì wíwọ́ máa fún un lọ, ìwọ náà sì jẹ èrè 5,000. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, kò sì sí irọ́ nínú ẹ̀.

Ibi tó ti máa bà jẹ́ ni pé àgbẹ̀ kì í dúró gbọ́ ìṣirò. Ó gbọ́ 960 lẹ́nu rẹ, ó gbọ́ 1,000 lẹ́nu ẹnì kejì, ó ti gbé alùpùpù lọ nìyẹn. Nítorí náà má fi iye kíló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Gbé òkúta ìwọ̀n kíló 10 méjì dání, gbé e kọ́ lójú rẹ̀ kí o tó gbé àpò rẹ̀ kọ́, kí òun fúnra rẹ̀ ka abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, iye tí o máa san lórí *àpò* ni kí o sọ. “Baba, àpò yìí, 48,000 ni mo máa gbà á. Ẹ lọ gbọ́ tẹlòmíràn, kẹ́ ẹ padà wá.” Jẹ́ kó lọ. Àwọn kan ò ní padà. Àwọn tó bá padà, wọ́n á mú aládùúgbò wọn dání, àmọ́ má retí ìyẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá lásìkò àkọ́kọ́ pàápàá.

Torí ẹ̀, má yáwó tó pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Fi ọjà tó kéré bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí o fi ọwọ́ mú ṣinṣin. Ẹni tó ń gbọ́ràn ni kó sanwó ìgbọ́ràn. Owó ìyàwó rẹ nínú òwò, ìyàwó rẹ ló ni ín. Má fi san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ láìjẹ́ pé o fi gbogbo ìṣirò hàn án, kó sì fẹnu ara rẹ̀ ní òun gbà. Má dín owó alábàárù kù. Má rọra fa iye kíló àwọn àgbẹ̀ wálẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ láti fi rí owó tí o máa san fún wọn. Ó di pé àpò wọn lo tún ń kó sí àpò wọn. Dáfídì lè gba ilẹ̀ ìpakà Áráúnà lọ́fẹ̀ẹ́, Áráúnà ní kó máa mú un lọ pẹ̀lú màlúù, àmọ́ ó ní òun ò ní rú ẹbọ tí kò ná òun ní nǹkan kan sí Olúwa. 50 ṣékélì fàdákà ló fi rà á. Ìwọ náà, wo ohun tó jẹ́ tìrẹ gan-an: alùpùpù, tẹlifíṣọ̀n, aṣọ ẹbí tí o fẹ́ dá ní Kérésìmesì. Ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ jáde.

Bí kò bá ká a, kọ ìwé. Pọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí Fílémónì, ẹsẹ 18 àti 19, pé kí ó ka gbèsè Ónísímù sí òun lọ́rùn, òun á san án. Kọ orúkọ àgbẹ̀, iye kíló, iye owó, oṣù tí o máa san ìdá kọ̀ọ̀kan. Fún un ní ẹ̀dà kan. Ìlérí ẹnu lásán fún ẹni tí o ti rẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀ kò níyì. Orin Dáfídì 15:4 yin ẹni tó búra sí ìpalára ara rẹ̀ tí kò sì yí i padà, nítorí náà má kọ oṣù tí o mọ̀ pé o ò ní lè san án.

Àgbẹ̀ Ìresà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe máa wọ abúlé, torí ẹni rere lè dé tìlù tìfọn kó sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ, nígbà tí àwọn èèyàn ti oko dé. Kó mú àgbàlagbà kan dání, ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀. Kó kí baálé torí ọ̀wọ̀. Àmọ́ kó má kó owó fún baálé pé kó bá òun pín in. Ọwọ́ oníkálùkù ni. Bí ẹni náà bá ti kú, ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kó ṣe ṣókí. “Baba, lọ́dún tó kọjá mo ra àpò mẹ́jọ lọ́wọ́ yín. Sikéèlì mi ka 360. Ohun tẹ́ ẹ gbé wá tó 400. Mo jẹ yín ní kíló 40. Owó rẹ̀ jẹ́ 40,000, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 8,000, 48,000 rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.” Ó tán. Kó má sọ pé “ìwọ̀n ṣìṣe.” Ìwọ̀n ò ṣìṣe, ẹnì kan ló yí i. Kó má sọ pé gbogbo alárobọ̀ ló ń ṣe é, kó má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló wá jẹ́wọ́.

Kó má so ìwàásù mọ́ owó náà. Mùsùlùmí pọ̀ lára àwọn àgbẹ̀ wa, bí ìwé ìléwọ́ bá tẹ̀ lé owó, wọ́n á rò pé ó fẹ́ fi ra àwọn ni. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó mú un ṣe é, ìgbà yẹn ló lè sọ ọ́. Kó má sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti dárí jì í. Ẹlòmíràn á bínú, á bú u, á sọ̀rọ̀ sí i lójú ọmọ rẹ̀. Kó dákẹ́. Ó wà lára ohun tó máa ná an.

Ọmọ Alárobọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ojú abẹ lẹ níkòó fún wa. A ti fi omi dán sikéèlì náà wò bí Baba Oníwọ̀n ṣe wí: líta 50 fi 45 kún un. Sípíríǹgì ni.

Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn àgbẹ̀ kan náà ń wọ́n omi sí kájú, wọ́n ń da òkúta sí ìsàlẹ̀ àpò. Sikéèlì yẹn ni àwọn alárobọ̀ fi ń gbẹ̀san tẹ́lẹ̀. Bí sikéèlì bá ti wá pé, kí ni kó ṣe?

Àgbẹ̀ Ìresà

Òótọ́ ni, àwọn kan ń ṣe é. Àmọ́ sikéèlì wíwọ́ kì í mọ ẹni tó da omi sí i yàtọ̀ sí ẹni tí kò da omi sí i; gbogbo wa ló ń jẹ. Róòmù 12:17 ti sọ pé kí a má fi búburú san búburú, ó tún wá jẹ́ pé ẹni tí kò ṣe búburú kankan lẹ ń san án fún.

Ojú ni kó fi yẹ ọjà wò. Kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè àpò, kan láàárín, kan nísàlẹ̀ pátápátá. Bí kò bá lè dé ìsàlẹ̀, kó ní kí wọ́n tú àpò náà sílẹ̀ sórí tápólì. Kó mi kóró náà létí: èyí tó gbẹ máa ń dún woro-woro, èyí tó tutù kì í dún. Kó fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná bá wọlé, kò tíì gbẹ. Kó la ogún níbẹ̀ sí méjì, kó ka èyí tó funfun, èyí tó ti dúdú àti èyí tó ti hu. Kájú tútù tó bá wọ àpò máa ń gbóná láti inú, á hu, onítírélà á sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Nítorí náà kò gbọ́dọ̀ rà á lówó tó kéré kó wá lọ pò ó mọ́ tàwọn tó gbẹ. Kó ní kí àgbẹ̀ sá a sóòrùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kó gbé e padà wá. Kó sì ní kí wọ́n kó o sínú àpò kòkó. Bí báákò tàbí ọ̀rá ni, á máa làágùn nínú ẹ̀.

Òkúta ńkọ́, kó ṣà á jáde lójú àgbẹ̀, kó gbé e lé sikéèlì lójú rẹ̀, kó yọ iye yẹn gan-an kúrò, kó sì kó òkúta náà lé e lọ́wọ́.

Baba Oníwọ̀n

Kí ó wọn àpò tó ṣófo náà kó tó yọ kíló àpò o. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba ìyẹn.